Káàdì ni wọ́n fi ń bímọ ní Gánà, owó àsansílẹ̀ ni wọ́n fi ń bímọ lọ́dọ̀ tiwa: kí ló fà á?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Sàngó Ọ̀tà. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Accra. Nígbà tó bímọ lọ́dún tó kọjá, káàdì ìlera ló mú lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, wọn ò sì gba owó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà bímọ níbí, iṣẹ́ abẹ náà ni, àmọ́ inú ìrora ni mo wà tí ọkọ mi ń sá kiri ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè rí owó àsansílẹ̀. Gbogbo ayé ló ń sọ pé Nàìjíríà lówó ju Gánà lọ. Kí ló wá dé? Màmá wa wà ní Ìdí-Ìrókò, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, àbúrò mi sì ní ká gbé wọn wá sí Accra kí wọ́n lè máa fi káàdì gba oògùn. Ọkọ mi ní inṣọ́ránsì ìjọba Nàìjíríà, ẹ̀tàn ni, wọ́n kàn ń gbówó ẹni jẹ ni. Èwo ni ká ṣe?”

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo rí i kà nínú ọ̀rọ̀ yín pé owó nìkan kọ́ ló ń dùn yín. Ó ń dùn yín pé ọmọ ìyá kan náà ni yín, ẹnubodè mẹ́ta péré ló wà láàárín yín, Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao, síbẹ̀ wọ́n ṣe ẹ̀yin méjèèjì bí ẹni pé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ti wá. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ adójútòfò ìlera (inṣọ́ránsì ìlera), ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ bílì ọsibítù wò kí wọ́n tó san án, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń sọ̀rọ̀ owó ju ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ìdí owó náà ni ìyàtọ̀ yìí wà. Kì í ṣe bí owó ṣe pọ̀ tó ni mò ń wí, ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni àti ẹni tó ń pa á mọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ “Nàìjíríà lówó ju Gánà lọ” yẹn. Tí a bá kó gbogbo ọrọ̀ tí Nàìjíríà ń pèsè lọ́dún kan jọ, kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lè bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹ ẹ́ ju 200 mílíọ̀nù lọ, nígbà tí ìkànìyàn ọdún 2021 ní Gánà kò tó 31 mílíọ̀nù. Tí a bá pín in kárí, ará Gánà ló ní jù lónìí, pàápàá láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023. Ìyẹn nìkan sì kọ́. Ọ̀tọ̀ ni owó orílẹ̀-èdè, ọ̀tọ̀ ni owó tó wọ àpò ìjọba. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí owó orí tí ìjọba wọn ń rí gbà kéré jù láyé tí a bá fi wé ọrọ̀ ilẹ̀ náà, nítorí pé epo rọ̀bì ni a gbójú lé láti ọjọ́ yìí wá. Ọsibítù kò lè fi owó tí kò wọlé ra òwú.

Àmọ́ ẹ má tìtorí èyí sọ pé owó ni Gánà fi jù wá lọ tí wọ́n fi rí i ṣe. Lọ́dún 2003 tí wọ́n ṣe òfin adójútòfò ìlera wọn, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé ìjọba John Kufuor ti gbà kí wọ́n ka Gánà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè aláìní tí gbèsè bò mọ́lẹ̀, kí àwọn olówó lè fojú fo díẹ̀ nínú rẹ̀. Nàìjíríà ló lówó jù nígbà náà, yálà ẹ kà á lápapọ̀ tàbí ẹ pín in kárí. Ẹni tó jẹ gbèsè ló bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ta epo ló ń wòran.

Kì í ṣe pé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ṣàjèjì sí wa o. Àwọn àgbàlagbà á rántí pé láti ọdún 1979 sí 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ìlérí mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ṣèjọba ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Gánà náà ti dán an wò láyé Kwame Nkrumah. Ohun kan náà ló bá méjèèjì: owó kòkó wálẹ̀ níbẹ̀, owó epo wálẹ̀ níbí, ilé oògùn sì ṣófo. Ẹni tó bá lọ sí ọsibítù ìjọba ní àwọn ọdún 1980 mọ ìwé pélébé tí wọ́n máa ń kọ O/S sí. Oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti UNICEF (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé), wọ́n fẹnu kò pé kí aráàlú máa ra oògùn pẹ̀lú èrè díẹ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n fi owó náà ra òmíràn síbẹ̀. Tòsí wa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò, ní Pahou ní Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà Kútọnu sí Ouidah. Lóòótọ́, oògùn padà sórí pẹpẹ. Àmọ́ àṣà kan bá a wọlé tí kò tíì jáde: aláìsàn ló wá ń gbé ọsibítù ró, lọ́jọ́ tí kò lókun nínú gan-an. Àwọn ará Gánà pe tiwọn ní “cash and carry”, ìyẹn ni pé sanwó kí o tó gba ìtọ́jú. Àwa ò sọ tiwa lórúkọ, inú rẹ̀ la ṣì wà. Nínú gbogbo ₦100 tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ₦70 tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ní Gánà, kò tó 40 nínú 100.

Ohun tí Gánà ṣe ni pé wọ́n gbé ìsanwó kúrò ní ọjọ́ àìsàn. Wọ́n bu owó orí 2.5% lé ọjà àti iṣẹ́ tí ènìyàn ń sanwó fún, wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ kún un. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ oṣù ń san owó kékeré kan lọ́dọọdún. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ra fìríìjì ní Kumasi, ẹni tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Accra, àní ará Nàìjíríà tó lọ nájà níbẹ̀, gbogbo wọn ti san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ abẹ àbúrò yín kí oyún rẹ̀ tó dúró. Láti 2008 ni wọn kì í ti í gba owó lọ́wọ́ aboyún. Wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé 18, tàbí àgbàlagbà tó ti pé 70. Nítorí náà, ìtọ́jú àbúrò yín kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n ti san án sílẹ̀ ni.

Ó yẹ kí ó ká yín lára pé àwa la kọ́kọ́ ṣe òfin. Òfin adójútòfò ìlera tiwa (NHIS) jáde ní 1999, ọdún mẹ́rin ṣáájú ti Gánà. Kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 2005, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ẹni tó bá wù nínú àwa yòókù ló lè wọlé. “Ẹni tó bá wù” yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Mo rí i nínú bílì lójoojúmọ́: níbi tí kò bá ti sí dandan, ẹni tí ara rẹ̀ le kì í sanwó, ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára ló ń sáré wá forúkọ sílẹ̀. Owó mẹ́wàá á wọlé, bílì ogún á jáde. Láti 2022 ni òfin tuntun tó dá NHIA, àjọ adójútòfò ìlera tó rọ́pò NHIS, sílẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ó sì ní kí àpò kan wà fún àwọn tí kò lágbára. Ṣáájú ìyẹn, òfin ìlera ti 2014 ti ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Àmọ́ dandan orí ìwé kò tíì di dandan ní ọjà Sàngó. Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ alátà, lọ́wọ́ ọlọ́kadà, lọ́wọ́ télọ̀? Ẹ̀yìn owó orí ọjà ni Gánà gbé e gbà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Owó orí ọjà tiwa (VAT) di 7.5% ní 2020, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ìlera. (Abuja, lórí ilẹ̀ wa níbí, ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2001 pé àwọn á máa fi 15% owó ìṣúná sórí ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò ò tíì dé ibẹ̀ rí.)

Ìjọba mẹ́ta tó wà lórí wa tún dá kún un. Ọsibítù ńlá wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, Jẹ́nẹ́rà wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́dé wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá tán níbi tó kéré jù, oníkálukú á máa nawọ́ sí ẹnìkejì, aboyún á sì gbéra lọ sí ọsibítù aládàáni.

Ibẹ̀ ni owó àsansílẹ̀ ti pàdé yín. Abala 20 nínú òfin ìlera 2014 sọ ọ́ kedere pé ọsibítù tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà nídìí rẹ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pàjáwìrì ni iṣẹ́ abẹ yín, ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: abala yẹn fúnra rẹ̀ kò sọ ẹni tí yóò san owó ẹ̀jẹ̀, owó oògùn àti owó dísẹ́ẹ̀lì padà fún ọsibítù. Nígbà tí kò bá sí ẹni kẹta tó dúró láàárín aláìsàn àti ọsibítù, owó àsansílẹ̀ ni ọsibítù fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Kò tọ́ rárá níbi tí ẹ̀mí ìyá àti ọmọ bá wà. Àmọ́ ohun tó fà á nìyẹn, kì í ṣe pé àyà àwọn nọ́ọ̀sì Sàngó le ju ti Accra lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà Ìlera Muhammad Ali Pate kéde iṣẹ́ abẹ ìbímọ ọ̀fẹ́ fún àwọn aboyún tí kò lágbára, ní àwọn ọsibítù tó wà nínú ètò náà. Bí ẹ bá tún lóyún, ẹ wádìí ọsibítù tó wà níbẹ̀ nítòsí yín nígbà tí oyún ṣì kéré. Ọjọ́ ìrọbí kọ́ ni wọ́n ń wádìí irú ẹ̀.

Kì í sì í ṣe Gánà nìkan la lè fi wé ara wa. Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé ẹ̀mí ará Nàìjíríà kì í ju bí ọdún 54 sí 55 lọ ní ìpíndọ́gba, ìyẹn sì kéré sí ti Niger àti Bẹ̀nẹ̀ tí a máa ń pè ní tálákà. Ní Cabo Verde, tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, ẹ̀mí ń gùn kọjá 70, WHO sì jẹ́rìí sí i ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé ibà ẹ̀fọn ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, àìsàn tó bá ju agbára wọn lọ, Portugal ni wọ́n ń gbé e lọ. Sierra Leone, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí lẹ́yìn ogun, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní 2010. Àwọn obìnrin rọ́ lọ sí ọsibítù, àmọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ló ń gbé púpọ̀ nínú ìnáwó náà, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sì lè fà sẹ́yìn nígbàkigbà. Tógò bẹ̀rẹ̀ adójútòfò ìlera tiwọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ní 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn yòókù wọlé. Bẹ̀nẹ̀ gbé ètò adójútòfò ìlera kan tí wọ́n pè ní RAMU dìde ní 2011, ìjọba tó tẹ̀ lé e pa á tì, wọ́n gbé ARCH dípò rẹ̀, tó kọ́kọ́ fojú sí àwọn tálákà paraku. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Ìdí-Ìrókò á ti gbọ́ nípa Pọ́bẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ fún egbò Buruli, egbò burúkú tó ń jẹ awọ àti ẹran ara. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìhà tiwa ti ń sọdá lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀. Láti orílẹ̀-èdè ńlá ni aláìsàn ti ń lọ sí kékeré, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹnì kan ti pinnu pé àrùn yìí gan-an ni òun máa dojú kọ.

Ẹ má wá rò pé gbogbo rẹ̀ ló dán ní Gánà. Ìjọba wọn máa ń pẹ́ kó tó san owó ọsibítù, oṣù lórí oṣù, ọsibítù tí wọ́n jẹ lówó á wá ní kí aláìsàn fi nǹkan kún un, tàbí kó lọ ra oògùn níta. Ní 2017 wọ́n ṣe òfin kan tó fi ààlà sí iye tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tó fi jẹ́ pé apá kan nínú owó tí wọ́n gbà lórúkọ ìlera gba ibòmíràn lọ. 2025 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera. Lọ́dọọdún ni káàdì gbọ́dọ̀ di tuntun, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbàgbé títí àìsàn á fi dé. Ẹ bi àbúrò yín dáadáa, mo fura pé ó san nǹkan díẹ̀ fún oògùn kan tàbí òmíràn tí kò rántí sọ fún yín.

Nípa màmá: ẹ má gbé wọn lọ sí Accra tìtorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Fún ẹni tó ń gbé ní Gánà ni káàdì wọn wà, kì í ṣe fún àlejò tó wá gba oògùn tó tún padà sílé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ìfúnpá sì gbọ́dọ̀ di wíwọ̀n déédéé. Ọsibítù tó wà lẹ́yìn ẹnubodè mẹ́ta kò lè ṣe ìyẹn. Owó ọkọ̀ nìkan á ra oògùn ọ̀pọ̀ oṣù. Tó bá jẹ́ pé màmá fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò yín ni, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kí àbúrò yín lọ béèrè ní ọ́fíìsì adójútòfò ìlera Gánà (àwọn náà ń pè é ní NHIS) tó wà ní àdúgbò rẹ̀ ohun tí olùgbé tí kì í ṣe ọmọ Gánà nílò.

Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí Ìdí-Ìrókò wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ yín kò ṣàdédé pè é ní ẹ̀tàn, àwọn ènìyàn ti sanwó tí wọ́n dé ọsibítù tí wọ́n ní orúkọ wọn kò sí lórí ìwé. Ohun mìíràn tún wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa tí a kì í sọ jáde: a máa ń fi í wé èésú. Nínú èésú, ẹni tó bá dá á, á kó o. Èyí kì í ṣe èésú. Ẹni tí kò ṣàìsàn lọ́dún yẹn kò ní kó kọ́bọ̀, owó rẹ̀ ti lọ wo ẹlòmíràn sàn. Ó máa ń ṣòro fún wa láti gbà, pàápàá àwa tí a gbà pé ẹni tó bá ń sanwó àìsàn sílẹ̀ ń fowó pè é wálé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àlùfáà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pàápàá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sí ọsibítù tí ẹ fẹ́ yàn fún màmá, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni mélòó ló wà lórí ìwé adójútòfò lọ́dọ̀ wọn. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lóṣooṣù ni wọ́n ń san owó kékeré lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan fún ọsibítù, yálà ẹni náà wá tàbí kò wá. Ọsibítù tó ní orúkọ ogún péré, tí mẹ́wàá nínú wọn sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, á gbèsè lórí wọn, á wá máa sọ pé oògùn ti tán. Èyí tó ní ẹgbẹ̀rún orúkọ lè fi ti àwọn tí kò wá tọ́jú àwọn tó wá. Nítorí náà, ibi tí èrò pọ̀ sí ni kí ẹ yàn, bó tiẹ̀ gba ìjókòó pípẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ béèrè bóyá oògùn tí màmá ń lò gan-an wà nínú ìwé oògùn wọn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ dání lọ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí káàdì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó. Iye owó rẹ̀ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ó sì ń yí padà, ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń fi fóònù tà á. Kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ má retí ohun tí kò sí níbẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbé ẹrù àìsàn kíndìnrín tàbí jẹjẹrẹ tán, tí wọ́n bá sì fẹ́ gbé màmá lọ sí ọsibítù tó ga ju èyí tí ẹ yàn lọ, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn jáde kó tó di pé káàdì sanwó níbẹ̀. Káàdì kò sì lè dá dókítà padà láti ìlú Òyìnbó. Gánà àti Nàìjíríà jọ ń jìyà ìyẹn ni, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi méjèèjì sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ọsibítù wọn kò gbọdọ̀ fúnra wọn lọ kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣì ń lọ. Kí káàdì màmá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ máa ra oògùn wọn ní kẹ́míìsì tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì sọ fún màmá pé bí ara wọn bá ń yá gágá, oògùn náà ló fà á, wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró títí dókítà á fi sọ bẹ́ẹ̀.